Ọbẹ̀ Ẹ̀wà Bàbá Kíákíá

Ní ọjọ́ tí àwọn àna kọ́kọ́ wá sílé Bàbá Kíákíá, ó ti ṣèlérí fún wọn pé kí wọ́n tó bọ́ bàtà tán, ọbẹ̀ ẹ̀wà àwọn ará Faransé yóò ti wà lórí tábìlì. Wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n jókòó. Wọ́n mu omi. Wọ́n tún omi mu. Oòrùn tó ń wọlé láti fèrèsé iwájú nígbà tí wọ́n dé yí lọ sí ti ẹ̀yìn. Bàbá Kíákíá a máa yọjú láti ilé ìdáná lóòrèkóòrè, ṣíbí onígi lọ́wọ́, á jókòó sí apá àga, á sọ ìtàn Faransé díẹ̀, á tún sáré padà.

"Ẹ má dìde o, ẹ̀yin àna mi," á wí. "Kíákíá ni."

Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bàbá ọkọ ìyàwó, awakọ̀ ojú irin tí kò pẹ́ dé ibì kankan rí láyé rẹ̀, wo aago ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó sùn lọ lórí àga, ó ń hanrun. Ìró àwo tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ló jí i. Ó lajú, ó rí i pé wọ́n ti tan iná ilé, ó sì tẹ̀ sí etí ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé ilẹ̀ ti mọ́ ni?"

"Ẹ ò rí i?" ni Bàbá Kíákíá wí, ó ń bu ọbẹ̀ fún un. "Ẹ ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí àkókò lọ. Mo ti sọ fún yín pé kíákíá ni."

Iṣẹ́ àtúnṣe aago ló ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Aago kún ògiri rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kò sì sí méjì nínú wọn tó fohùn ṣọ̀kan. Bí oníbàárà bá bèèrè ohun tí aago wí, Bàbá Kíákíá á ní kó mú èyí tó bá wù ú níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì bèèrè ìgbà tí aago àwọn máa yá, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní, òun náà ló sì di orúkọ rẹ̀. Tọkọtaya kan gbé aago ògiri wọn fún un nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Àkọ́bí wọn ló wá gbà á, ó ti hu irùngbọ̀n. Aago náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ọwọ́ ọkùnrin náà kò mọṣẹ́. Àkókò nìkan ni òun pẹ̀lú rẹ̀ kò jọ gbọ́ra yé.

Ikú rẹ̀ nìkan ni nǹkan tó ṣe ní kíákíá. Ó wà nídìí iṣẹ́, ó ní kí wọ́n fún òun lómi mu. Kí omi tó dé, ó ti lọ.

Awakọ̀ ojú irin ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Ìyàwó Bàbá Kíákíá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá kò ti jẹun dáadáa mọ́. Kò sọ pé òun kò ní í jẹ o. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á dúpẹ́, á máa fi ṣíbí yí i káàkiri inú àwo bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù, á sì dá a padà. Búrẹ́dì tó rì sínú tíì ló ń gbé e ró. Ẹ̀wù rẹ̀ sì ń tóbi sí i lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ èyí tó ọmọ rẹ̀ obìnrin, nítorí aránṣọ ni, òun ló sì ń dín àwọn ẹ̀wù náà kù. Lọ́jọ́ Àìkú tó mú ẹ̀wù kan náà dání lẹ́ẹ̀kejì láti dín in kù, ó wò ó, ó fi abẹ́rẹ́ lélẹ̀. Bó bá tún dín in kù lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀wù ọmọdé ló máa kù.

Oúnjẹ kan ló kù tí kò tíì sè fún ìyá rẹ̀. Kò sí ẹni tó sè é rí nílé náà àfi ẹni tó ti lọ.

Ọbẹ̀ náà kò ṣòro. Bí Bàbá Kíákíá ti máa ń wí, àwọn ará Faransé gan-an a máa fi odindi ọjọ́ kan sè é, pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ, nítorí wọn kò níṣẹ́ mìíràn. Tirẹ̀, ti kíákíá ni: ẹ̀wà funfun inú agolo, sọ́sééjì, àlùbọ́sà, aáyù, tòmátì, ewé táìmù díẹ̀, àti èérún búrẹ́dì tí wọ́n yan nínú òróró láti fọ́n sójú rẹ̀.

Aránṣọ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ alápatà tó wà nísàlẹ̀ òpópónà. Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹni tó bá tò sẹ́yìn Bàbá Kíákíá a máa padà sílé lọ gbé àga wá. Kì í ná ọjà. Ìrísí sọ́sééjì ló máa ń bá alápatà fà. Á ní kí ó kó gbogbo rẹ̀ jáde, á máa gbé e sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, á di ojú kan.

"Èyí tọ́ jù. Ará Faransé kì í jẹ sọ́sééjì tó nà bí igi."

"Bàbá, bí ẹ bá sè é, á tẹ̀."

"Bó bá tẹ̀ nínú ìkòkò mi, ta ló tẹ̀ ẹ́? Ṣé èmi ni n óò máa bá ọ parí iṣẹ́ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti dé Faransé rí ni?"

"Ìwọ náà, ṣé o ti di màlúù rí? O sì ń ta ẹran rẹ̀."

Lọ́jọ́ Àìkú yìí, aránṣọ kò tíì la ẹnu tí alápatà ti fa àwo kan jáde láti ìsàlẹ̀ tábìlì. Sọ́sééjì tó tẹ̀ ló kún inú rẹ̀.

"Mo ṣì ń ṣà wọ́n sọ́tọ̀," ló wí. Ó fi bébà wé wọn. "Mi ò mọ ẹni tí mo ń ṣà wọ́n fún."

Nígbà tó dé ilé ìdáná ìyá rẹ̀, ó mú agolo ẹ̀wà, ó sì wo òkè kó tó ṣí i. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣí agolo nínú ilé ìdáná yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wo òkè.

Bàbá Kíákíá ló fà á. Kò gbà pé ó yẹ kí ènìyàn ṣì máa fi ọwọ́ yí irin lẹ́nu agolo nígbà tí ayé ti lajú. Ó yọ sípíríǹgì inú aago ògiri ńlá kan, ó fi ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa ṣí agolo fúnra rẹ̀. Ó wá pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wòran.

"Ibo lẹ fẹ́ kí n dúró sí?" ni ìyàwó rẹ̀ bèèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Ibi tó bá wù ọ́. Ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ajá."

"Ajá á kọ́kọ́ gbó."

Ó ká sípíríǹgì náà títí kò fi ká mọ́, ó sì tú u sílẹ̀. Agolo fò. Ó kọlu àjà, ó ya, ẹ̀wà rọ̀ sílẹ̀ bí òjò, sórí sítóòfù, sórí àwòrán ìgbéyàwó wọn, sórí irun ìyàwó rẹ̀. Bàbá Kíákíá bẹ̀rẹ̀, ó mú agolo nílẹ̀, ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò fínnífínní.

"Ó kúkú ṣí," ló wí.

Wọ́n nu gbogbo ẹ̀wà náà tán àfi hóró kan tó lẹ̀ mọ́ àjà lókè sítóòfù, níbi tí ọwọ́ kò tó. Ìyàwó rẹ̀ ní kó gun àga, kó yọ ọ́. Ó ní kíákíá ni. Hóró náà ṣì wà níbẹ̀.

Aránṣọ fi ọwọ́ ṣí agolo tirẹ̀. Ó yan sọ́sééjì títí ara wọn fi pọ́n, ó kó wọn jáde. Ó da àlùbọ́sà àti aáyù sínú òróró kan náà, tòmátì tẹ̀lé e, ẹ̀wà tẹ̀lé e. Ó dá sọ́sééjì padà sínú rẹ̀, ó já ewé táìmù sí i. Òórùn rẹ̀ gba ilé kan, aránṣọ sì rántí àlejò kan tó jẹ ẹ́ níbẹ̀ rí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ará Faransé kan tọ́ ọbẹ̀ yẹn wò. Arìnrìn-àjò ni, aago ọwọ́ rẹ̀ ló kú tó fi yà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò gbọ́ èdè àdúgbò. Bàbá Kíákíá náà kò gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ohun tó lè sọ síta lẹ́yìn gbogbo ìtàn tó ti ń sọ. Ó mú àlejò lọ sílé. Àwọn ènìyàn wọ́ tẹ̀ lé wọn, alápatà ló ṣíwájú, wọ́n fẹ́ gbọ́ bí yóò ṣe máa sọ èdè Faransé. Àlejò fi ṣíbí kan sẹ́nu. Ó dúró. Ó mu omi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gígùn kan, ó ń nawọ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó ń nawọ́ sókè ọ̀run, ó ń mi orí.

"Kí ló wí?" ni alápatà bèèrè.

"Ó ní bíi ti ìyá òun ló rí."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yẹn?"

"Ìyá rẹ̀ ga," ni Bàbá Kíákíá dáhùn.

Kò kúkú ṣòro láti mọ ohun tí àlejò náà rí nísàlẹ̀ ìkòkò. Kò sí ọjọ́ kan tí ọbẹ̀ Bàbá Kíákíá kò jóná. Á gbé ìkòkò kaná, á bọ́ sí pálọ̀ láti sọ ìtàn kan ṣoṣo, ìtàn náà á bí òmíràn, òórùn ni yóò wá pè é padà. Á fi ṣíbí onígi ha ìsàlẹ̀ ìkòkò, á pò ó mọ́ èyí tó wà lókè, á gbé e wá sórí tábìlì bí ẹni pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

"Ẹ tún ti jó o," ìyàwó rẹ̀ á wí.

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọbẹ̀ ọba ńkọ́?"

"Ta ni ọba níbẹ̀?"

"Ìwọ tó o fẹ́ jẹ ẹ́."

Á pòṣé, á sì jẹ ẹ́.

Láti kékeré aránṣọ, ẹ̀sùn kan ṣoṣo tó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ nípa ọbẹ̀ náà nìyẹn. Nítorí náà, kò kúrò nídìí sítóòfù. Ó ń rò ó, ó ń dín iná kù, ó ń tún un rò. Nígbà tó fi yan èérún búrẹ́dì tán, ọbẹ̀ ti ki, ìsàlẹ̀ ìkòkò sì mọ́ bí abẹ́rẹ́ tuntun. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ilé náà, ọbẹ̀ kíákíá yá kíákíá.

Ìyá tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò. Aránṣọ dúró tì í, ó di etí aṣọ ìdáná rẹ̀ mú.

"Ó dùn," ni ìyá wí.

"Ẹ jẹ ẹ́ nígbà náà."

"Mo ní ó dùn." Ó rọra fi ṣíbí lélẹ̀.

"Màmá, kí ló kù síbẹ̀? Ṣé iyọ̀ ni?"

"Kì í ṣe iyọ̀."

"Aáyù ńkọ́?"

"Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé mi ò ní sọ ni? Má bínú, ọmọ mi. O ṣe é dáadáa jù."

Aránṣọ gbé àwo padà sí ilé ìdáná, ó da ọbẹ̀ inú rẹ̀ sínú ìkòkò. Kò sunkún. Ó kàn dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó ń wo sọ́sééjì tó tẹ̀.

Ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó bèèrè ta ni. Awakọ̀ ojú irin ti fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀ sì ti fẹ́ aránṣọ tipẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọọjọ́ Àìkú ló ń wá kí ìyá, ní àsìkò kan náà gẹ́lẹ́, débi pé àwọn ará ilé kejì ti ń fi ìkanlẹ̀kùn rẹ̀ ṣe aago. Ó bọ́ bàtà. Ó gbé imú sókè.

"Ìyàwó wa, ṣé ohun tí imú mi ń sọ fún mi nìyí?"

"Òun ni, Bàbá. Ó ti tutù díẹ̀ ni. Ẹ jókòó, kí n gbé e kaná fún yín. Kò ní í pẹ́."

"Mo ti gbọ́ èyí rí nínú ilé yìí," ni awakọ̀ wí, ó sì fa ìrọ̀rí sẹ́yìn orí ara rẹ̀.

Aránṣọ rẹ́rìn-ín láìmọ̀. Ó tan iná sábẹ́ ìkòkò, ó bò ó, ó padà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀.

"Ẹ rántí aago mi?" ni awakọ̀ ń bi ìyá. "Lẹ́yìn ọjọ́ tí mo sùn níbí yẹn, ó ní aago mi ló fà á. Ó ní ó ń sáré jù, òun ni kò jẹ́ kí n gbádùn ara mi. Ó bọ́ ọ lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ tún un ṣe."

"Ẹ sì fún wọn," ni ìyá wí.

"Àna mi ni! Kí ni kí n ṣe? Ọjọ́ tí mo gbà á padà ni mo fi wakọ̀. Mo rọra ń lọ. Bí mo bá wo ọwọ́ mi, aago ní mo tiẹ̀ yá. Ìgbà tí mo dé ìdíkọ̀, èrò ti bínú lọ sílé. Ọ̀gá mi bi mí bóyá ara mi ò yá ni. Èmi! Mo gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ tìbínú-tìbínú. Mo ní, 'Àna mi, ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́.' Ó ní kí n jókòó. Ó ní kí ni mo rí lójú ọ̀nà."

"Kí lẹ rí?" ni aránṣọ bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gbọ́ ọ rí.

"Mo ní igi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá tó tanná láti orí dé ìdí. Gbogbo ọdún tí mo fi ń kọjá níbẹ̀, mi ò rí i rí. Ó ní, 'Ẹ sì wá ń bú mi.'"

"Lẹ́yìn afárá ni igi yẹn wà," ni ìyá wí.

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Ṣebí èmi ni mo wakọ̀?"

"Àwọn ni wọ́n mú mi lọ wò ó. Lẹ́yìn afárá ni."

Awakọ̀ gbà fún un. Ó wo ìhà ilé ìdáná. "Ọbẹ̀ yìí, ta tiẹ̀ ló kọ́ ọkọ yín? Èmi, ó sọ fún mi pé sójà Faransé kan ni."

"Sójà kẹ̀?" ni aránṣọ wí. "Èmi, wọ́n ní obìnrin kan ni, tó gbé aago wá. Ó ní bí wọ́n bá tún un ṣe, òun á kọ́ wọn lọ́bẹ̀."

"Kí la ti wá mú nínú rẹ̀?"

Aránṣọ gbọ́ ohun kan tí kò gbọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín láìpariwo, èjìká rẹ̀ ń mì nínú ẹ̀wù tó tóbi jù ú lọ.

"Kò sí sójà," ló wí. "Kò sí obìnrin. Ara agolo ni. Àwòrán ìkòkò kan ló wà lára agolo ẹ̀wà, wọ́n kọ Faransé sábẹ́ rẹ̀. Ibi tí bàbá yín mọ Faransé dé nìyẹn."

"Kò lè jẹ́!" Awakọ̀ dìde jókòó dáadáa. "Gbogbo ìtàn yẹn ńkọ́? Èyí tí sójà sọkún?"

"Ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Oyún ọmọ yìí ló wà nínú mi. Kò sí oúnjẹ tí mo lè jẹ. Ohun tí mo bá ti fi sẹ́nu, ó ti jáde. Mo rù débi pé òrùka ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọn ò sì fẹ́ kí n mọ̀. Wọ́n lọ ra agolo yẹn nítorí àwòrán ara rẹ̀, wọ́n gbé e kaná, wọ́n wá jókòó tì mí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ Faransé fún mi kí n lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní sójà kan ní irùngbọ̀n tó ń dè mọ́ igi kó má bàa sùn lẹ́nu iṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, wọ́n tún fi òmíràn lé e. Ta ló tún rántí ìkòkò? Ó jóná kanlẹ̀."

"Ẹ wá ṣe é báwo?" ni aránṣọ bèèrè.

"Wọ́n ha á, wọ́n rò ó pọ̀, wọ́n gbé e fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán. Oúnjẹ àkọ́kọ́ tó dúró nínú mi nìyẹn. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì sọ fún wọn pé…"

Imú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Òórùn náà ti dé pálọ̀. Ẹ̀wà ni, pẹ̀lú aáyù, àti nǹkan dúdú kan tó ń ta imú lábẹ́ wọn. Aránṣọ kígbe, ó yíjú láti sáré.

"Dúró," ni ìyá wí.

Ìyá fúnra rẹ̀ ló dìde. Ó di apá àga mú, ó rọra kọjá lára ọmọ rẹ̀, ó wọ ilé ìdáná. Ó pa iná. Ó mú ṣíbí onígi tó wà lórí ìṣó lára ògiri, èyí tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí ìkòkò híha. Ó tì í bọ ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó ha á, ó ha á gan-an, ó pò ó mọ́ èyí tó wà lókè. Ó tọ́ ọ wò níbẹ̀, lórí ìdúró, lábẹ́ hóró ẹ̀wà tó wà lára àjà.

Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò bèèrè bóyá ó dùn.

"Ọkùnrin yẹn ò mọ ọbẹ̀ sè rárá," ni ìyá wí. Omi ń dán lójú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó sì tún bu ṣíbí kan sẹ́nu, ó tún bu òmíràn.

Awakọ̀ ojú irin ké láti pálọ̀. "Àna mi, tèmi ńkọ́?"

"Ẹ má dìde o," ni ìyá dáhùn, oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀. "Kíákíá ni."

Ó sì tún ti ṣíbí bọ ìsàlẹ̀ ìkòkò.